William Penn àti Àwọn Júrì Méjìlá

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá ọdún 1644 ni a bí William Penn ní ìlú London, olú ìlú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá rẹ̀, tí òun náà ń jẹ́ William Penn, jẹ́ ọ̀gágun ojú omi tí òkìkí rẹ̀ kàn jákèjádò ilẹ̀ náà. Ó wà lára àwọn tí ó ṣáájú ogun tí ó gba erékùṣù Jàmáíkà lọ́wọ́ àwọn ará Spéènì ní ọdún 1655. Nígbà tí Ọba Charles Kejì padà bọ̀ láti òkè òkun wá jọba ní ọdún 1660, bàbá Penn wà nínú ọkọ̀ tí ó lọ mú un wá sílé, ọba sì fi oyè dá a lọ́lá. Inú ọlá ni a bí ọmọ yìí sí, inú ọlá ni a sì ti tọ́ ọ. Bàbá rẹ̀ ti pinnu nínú ọkàn rẹ̀ pé ààfin ọba ni ọmọ òun yóò ti ṣiṣẹ́, àti pé oyè tí yóò jẹ yóò ga ju ti òun lọ. Ṣùgbọ́n orí tí ọmọ náà yàn wá sáyé, ọ̀tọ̀ ni.

Ilé ẹ̀kọ́ kan ní Chigwell, ní agbègbè Essex, ni Penn ti kàwé nígbà èwe rẹ̀. Ní ọdún 1660 ó wọ Yunifásítì Oxford. Ní ayé ìgbà náà, ìjọ kan ṣoṣo ni ìjọba fọwọ́ sí, èyíinì ni Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ọba fúnra rẹ̀ jẹ́ olórí fún. Dandan ni fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ láti máa tẹ̀ lé ìlànà ìsìn ìjọ náà. Penn kọ̀ láti ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn aláṣẹ yunifásítì sì lé e jáde ní ọdún 1662. Nígbà tí ó délé, inú bí bàbá rẹ̀ gidigidi. Ó nà án, ó lé e síta. Nígbà tí ìbínú rẹ̀ rọlẹ̀, ó rán an lọ sí ilẹ̀ Faransé kí ojú rẹ̀ lè là sí ọ̀nà àwọn ọlọ́lá. Ní ọdún 1664 Penn padà dé, ó wọ aṣọ olówó iyebíye, idà wà ní ìbàdí rẹ̀. Inú bàbá rẹ̀ dùn, ó rò pé ọ̀rọ̀ ìsìn ti tán lọ́kàn ọmọ òun. Ó fi í sí ẹnu ẹ̀kọ́ òfin ní London, ṣùgbọ́n àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1665 kò jẹ́ kí ó pẹ́ níbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, bàbá rẹ̀ rán an lọ sí ilẹ̀ Ireland láti máa bójú tó àwọn ilẹ̀ rẹ̀ tí ó wà níbẹ̀. Ní ìlú Cork, ní ọdún 1667, Penn gbọ́ ìwàásù ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Thomas Loe, láti ọjọ́ náà ni ó sì ti di ọ̀kan nínú àwọn tí a ń pè ní Quaker.

Ìgbàgbọ́ àwọn Quaker ni pé ìmọ́lẹ̀ Ọlọ́run wà nínú ọkàn gbogbo ènìyàn, àti olówó àti tálákà. Wọn kò ní àlùfáà. Wọ́n a jókòó ní ìdákẹ́jẹ́ títí ẹ̀mí yóò fi gbé ọ̀kan nínú wọn dìde láti sọ̀rọ̀. Wọn kì í búra ní ilé ẹjọ́, wọn kì í jagun, wọn kì í sì í ṣí fìlà fún ènìyàn kankan, bí kò ṣe fún Ọlọ́run nígbà àdúrà. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì ayé ìgbà náà, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú èdè Yorùbá, ọ̀nà méjì ni a fi ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀: ìwọ ni fún ẹgbẹ́ ẹni àti ọmọdé, ẹ̀yin ni fún àgbà àti ọlọ́lá. Àwọn Quaker kò pe ẹnikẹ́ni ní ẹ̀yin. Ìwọ ni gbogbo ènìyàn lọ́dọ̀ wọn, ìbáà ṣe ọba. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ó jẹ́ fún ọmọ Yorùbá láti wo ojú bàbá rẹ̀ kí ó sì pè é ní ìwọ, yóò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti dun ọ̀gágun náà tó. Ó bẹ ọmọ rẹ̀ pé kí ó kàn máa ṣí fìlà fún ènìyàn mẹ́ta péré: ọba, àbúrò ọba, àti òun bàbá rẹ̀. Penn kò gbà.

Kí a tó lè mọ ìdí tí ìjọba fi korò ojú sí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí a rántí ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ogun abẹ́lé ti jà níbẹ̀, àwọn ọmọ ilẹ̀ náà sì ti bẹ́ orí Ọba Charles Kìíní, bàbá Charles Kejì, ní ọdún 1649. Ìjà ìsìn wà nínú ìjà náà. Nítorí èyí, nígbàkigbà tí àwọn aláṣẹ bá rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n kóra jọ láti sìn ní ọ̀nà mìíràn, ọ̀tẹ̀ ni wọ́n ń rò. Ní ọdún 1664 Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ṣe òfin kan, wọ́n sì tún un ṣe ní ọdún 1670. Ó kà á léèwọ̀ fún ènìyàn márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, yàtọ̀ sí àwọn ará ilé, láti péjọ fún ìsìn tí kì í ṣe ti Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣílè 5 ni ìtanràn ẹni tí a bá mú lẹ́ẹ̀kínní, ṣílè 10 bí a bá tún mú un. Oníwàásù yóò san pọ́ọ̀nù 20. Ìdá kan nínú mẹ́ta owó náà jẹ́ ti ẹni tí ó lọ ṣe òfófó. Báyìí ni òfin sọ òfófó di òwò, tí aládùúgbò sì ń ta aládùúgbò rẹ̀.

Penn kò fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ bò. Ní ìparí ọdún 1668, nítorí ìwé kan tí ó kọ lórí ọ̀rọ̀ ìsìn, wọ́n tì í mọ́ inú ilé ìṣọ́ ńlá tí ó wà ní London. Oṣù bí i méje sí mẹ́jọ ni ó lò níbẹ̀ kí wọ́n tó dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú kí orúkọ rẹ̀ wọ inú ìtàn òfin ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1670, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n.

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹjọ ọdún náà, tí ó jẹ́ ọjọ́ ìsinmi, àwọn Quaker dé ilé ìpàdé wọn ní òpópónà Gracechurch ní London, wọ́n sì rí i pé àwọn ọmọ ogun ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n sì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn Quaker kò bá wọn jà, wọn kò sì padà sílé. Wọ́n dúró ní ìta gbangba, Penn sì bẹ̀rẹ̀ sí wàásù. Kò pẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fi dé, tí wọ́n sì mú òun àti William Mead, oníṣòwò aṣọ kan. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn wọ́n ni pé wọ́n kó ènìyàn jọ ní ọ̀nà tí kò bófin mu, wọ́n sì da ìlú rú.

Ní ilẹ̀ Nàìjíríà lóde òní, adájọ́ ni ó ń gbọ́ ẹjọ́, adájọ́ náà ni ó sì ń sọ bí ẹni tí a fi ẹ̀sùn kàn bá jẹ̀bi. Àṣà àwọn Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀. Nínú ẹ̀sùn ńlá, wọ́n a yan ènìyàn méjìlá láàárín àwọn ará ìlú, àwọn tí kì í ṣe adájọ́ tí kì í sì í ṣe òṣìṣẹ́ kóòtù. Àwọn wọ̀nyí ni a ń pè ní júrì. Wọ́n a búra, wọ́n a gbọ́ ohun tí àwọn ẹlẹ́rìí bá sọ, lẹ́yìn náà wọ́n a bọ́ sí yàrá ọ̀tọ̀ láti gbìmọ̀. Ẹnu wọn ni a ó ti gbọ́ bí ènìyàn náà bá jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi. Iṣẹ́ adájọ́ ni láti sọ ìjìyà tí ó tọ́ sí ẹlẹ́bi. Ṣùgbọ́n ní ayé ìgbà náà, bí júrì bá dá ẹjọ́ tí kò tẹ́ adájọ́ lọ́rùn, adájọ́ a máa bu owó ìtanràn lé wọn, a sì máa fi wọ́n sẹ́wọ̀n. Ẹ̀tọ́ wà lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n pàṣán wà lẹ́yìn wọn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án ọdún 1670 ni a mú Penn àti Mead wá sí ilé ẹjọ́ Old Bailey. Sir Samuel Starling, tí ó jẹ́ Méyọ̀ ìlú London, àti Sir John Howell, adájọ́ àgbà ìlú náà, wà lórí àga ìdájọ́. Ìjà bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ fìlà. Bí àwọn ẹlẹ́jọ́ méjèèjì ti ń wọlé, òṣìṣẹ́ kan ti bá wọn ṣí fìlà lórí. Méyọ̀ pàṣẹ pé kí a dá fìlà náà padà sórí wọn. Nígbà tí a dá a padà tán, adájọ́ bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi dé fìlà níwájú kóòtù ọba, ó sì bu ìtanràn máàkì 40 lé ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Penn fèsì pé kóòtù fúnra rẹ̀ ni ó dé fìlà fún àwọn, nítorí náà bí ìtanràn bá wà, àwọn adájọ́ ni kí ó san án.

Àwọn ẹlẹ́rìí jẹ́rìí pé àwọn rí Penn tí ó ń bá ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ̀rọ̀ ní òpópónà, ṣùgbọ́n ariwo kò jẹ́ kí àwọn gbọ́ ohun tí ó ń sọ. Nígbà tí ẹ̀rí tí ó kan Mead kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, adájọ́ bi Mead fúnra rẹ̀ bóyá ó wà níbẹ̀. Mead fèsì pé òfin kò fi dandan lé ẹnikẹ́ni láti fi ẹnu ara rẹ̀ ko bá ara rẹ̀. Penn ní tirẹ̀ jẹ́wọ́ ní gbangba pé òun wàásù, ṣùgbọ́n ó béèrè pé kí a fi òfin tí òun rú hàn òun. Adájọ́ dáhùn pé òfin àjùmọ̀lò ilẹ̀ náà ni, èyí tí ó ti wà láti ayébáyé. Penn ní òfin tí a kò lè fi han ènìyàn, báwo ni a ṣe lè sọ pé ó rú u? Ọ̀rọ̀ yìí bí àwọn adájọ́ nínú. Wọ́n pàṣẹ kí a fà á lọ sí ìgun kan nínú kóòtù, níbi tí kò ti lè ríran dáadáa. A sì mú Mead náà lọ síbẹ̀. Ẹ̀yìn wọn ni adájọ́ ti bá júrì sọ̀rọ̀ nípa ẹjọ́ náà. Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ènìyàn ni. Penn kígbe láti ibi tí ó wà pé kí júrì kíyè sí i pé a kò jẹ́ kí àwọn gbọ́ ohun tí a ń sọ lẹ́yìn àwọn.

Àwọn júrì gòkè lọ gbìmọ̀. Lẹ́yìn wákàtí kan àti ààbọ̀, mẹ́jọ nínú wọn sọ̀kalẹ̀ wá, mẹ́rin kò wá. Kóòtù ránṣẹ́ pè wọ́n, ojú àwọn adájọ́ sì lọ sára ọ̀kan tí ń jẹ́ Edward Bushell, wọ́n ní òun ni ó ń ya àwọn yòókù nípa. Wọ́n bú u, wọ́n sì halẹ̀ mọ́ ọn. A tún rán gbogbo wọn padà. Nígbà tí wọ́n dé lẹ́ẹ̀kejì, Thomas Veer, ẹni tí ó ń gba ẹnu wọn sọ̀rọ̀, kéde pé Penn jẹ̀bi ọ̀rọ̀ sísọ ní òpópónà Gracechurch, kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ sísọ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin kankan. Adájọ́ fẹ́ kí wọ́n fi kún un pé ìpéjọpọ̀ náà kò bófin mu, wọ́n kọ̀. A tún rán wọn padà, wọ́n sì kọ ìdájọ́ wọn sínú ìwé, gbogbo wọn fọwọ́ sí i: Penn jẹ̀bi ìwàásù fún àwọn tí ó péjọ ní òpópónà, Mead kò jẹ̀bi.

Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀ ìyà. Adájọ́ sọ fún wọn pé wọn kò ní í kúrò níbẹ̀ títí wọn yóò fi mú ìdájọ́ tí kóòtù lè gbà wá. A tì wọ́n mọ́lé ní òru ọjọ́ náà láìsí oúnjẹ, láìsí omi, láìsí iná, láìsí tábà, kódà láìsí ìkòkò tí wọ́n lè tọ̀ sí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí ó jẹ́ ọjọ́ ìsinmi, a kó wọn wá sí kóòtù. Ohun kan náà ni wọ́n tún sọ. A rán wọn padà, wọ́n dé, ohun kan náà ni. Méyọ̀ halẹ̀ pé òun yóò gé imú Bushell. Adájọ́ Howell sọ pé òun ti wá mọ ìwúlò ilé ẹjọ́ ìsìn ilẹ̀ Spéènì, níbi tí a ti ń fi ìyà jẹ ènìyàn nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀, ó ní nǹkan kò ní í gún ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí irú rẹ̀ yóò fi wà níbẹ̀. Penn ké sí àwọn júrì pé kí wọ́n má ṣe jọ̀wọ́ ẹ̀tọ́ wọn, Bushell sì dá a lóhùn pé àwọn kò ní í ṣe bẹ́ẹ̀ láé. A tún tì wọ́n mọ́lé ní òru kejì.

Ẹ jẹ́ kí a ronú nípa àwọn ọkùnrin wọ̀nyí. Wọn kì í ṣe Quaker. Penn kì í ṣe ọmọ wọn, kì í ṣe ọ̀rẹ́ wọn. Olúkúlùkù wọn ní ìdílé àti iṣẹ́ tí ó fi sílẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, mẹ́jọ nínú wọn ti ṣe tán láti dá Penn lẹ́bi kí wọ́n sì lọ sílé. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Bí àwọn adájọ́ ti ń fi ipá mú wọn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn mẹ́jọ náà ń sún mọ́ àwọn mẹ́rin. Nígbà tí a kó wọn wá ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹsàn-án, ebi àti òùngbẹ ti sọ ojú wọn di ìdàkudà. Akọ̀wé kóòtù bi wọ́n léèrè, wọ́n sì dáhùn pé Penn kò jẹ̀bi, Mead kò jẹ̀bi. Adájọ́ kò gbà á gbọ́. Ó ní kí a bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn méjìlá dáhùn bákan náà.

Kóòtù kò dákẹ́. Ó bu máàkì 40 lé ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn júrì, iye tí ó tó pọ́ọ̀nù 26, ṣílè 13 àti pẹ́nì 4, ó sì fi wọ́n sẹ́wọ̀n títí wọn yóò fi san án. Ìtanràn orí fìlà náà gbé Penn àti Mead lọ sí ẹ̀wọ̀n Newgate, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a ti dá wọn láre. Ní àkókò yìí, àìsàn ti dá bàbá Penn dúbúlẹ̀, ikú sì ti sún mọ́ ọn. Penn kọ̀wé sí i pé kí ó má ṣe san owó náà, nítorí ẹ̀tọ́ kọ́ ni. Ṣùgbọ́n bàbá kò fẹ́ kú láìfojú kan ọmọ rẹ̀. Owó náà di sísan, Penn sì dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀. Àwọn méjèèjì ti bára wọn rẹ́ kí ọ̀gágun náà tó kú ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹsàn-án náà.

Ní ti àwọn júrì, mẹ́jọ san owó wọn, wọ́n sì lọ sílé. Bushell, Hammond, Milson àti Baily kọ̀. Wọ́n dúró nínú ẹ̀wọ̀n, wọ́n sì gbé ẹjọ́ wọn lọ sí kóòtù tí ó ga ju èyí tí ó fi wọ́n sẹ́wọ̀n lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1670, adájọ́ àgbà níbẹ̀, Sir John Vaughan, dá wọn sílẹ̀. Àlàyé tí ó ṣe kò ṣòro. Ó ní júrì ni a fi búra láti gbé ẹ̀rí yẹ̀ wò pẹ̀lú òye àti ẹ̀rí ọkàn tiwọn. Adájọ́ kò lè fi ojú tirẹ̀ ríran fún wọn. Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí adájọ́ bá ti sọ ni júrì gbọ́dọ̀ sọ, kí ni a tún ń wá júrì sí? Láti ọjọ́ náà, a kò gbọdọ̀ bu ìtanràn lé júrì tàbí kí a fi wọ́n sẹ́wọ̀n nítorí ìdájọ́ tí wọ́n dá.

Penn mọ iye ohun tí àwọn méjìlá náà ṣe fún un, nítorí kò pẹ́ tí ó fi rí òdìkejì rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1671 a tún mú un níbi ìwàásù. Lọ́tẹ̀ yìí kò sí júrì. Àwọn aláṣẹ ni ó gbọ́ ẹjọ́ tí wọ́n sì dá a, oṣù mẹ́fà ni ó sì lò ní Newgate.

Ní ọdún 1672 Penn fẹ́ Gulielma Springett. Ọba Charles jẹ bàbá rẹ̀ ní gbèsè pọ́ọ̀nù 16,000, èyí tí kò tíì san nígbà tí ọ̀gágun náà kú. Ní oṣù kẹta ọdún 1681, dípò owó yìí, ọba fún Penn ní ilẹ̀ tí ó gbòòrò ní Amẹ́ríkà, ó sì sọ ilẹ̀ náà ní Pennsylvania ní ìrántí ọ̀gágun náà. Ní ọdún 1682 Penn wọ ọkọ̀ ojú omi kan tí ń jẹ́ Welcome lọ síbẹ̀. Àrùn ṣànpọ̀nná wọ inú ọkọ̀ náà, ó sì pa ènìyàn bí ọgbọ̀n lójú agbami. Nígbà tí Penn gúnlẹ̀, ó bá àwọn Lenape tí wọ́n ni ilẹ̀ náà ṣe àdéhùn, ó sì fi ohun ìní ra ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọba ti kọ ìwé ilẹ̀ náà fún un. Ó tẹ ìlú Philadelphia dó.

Nínú òfin tí Penn ṣe fún ilẹ̀ tuntun náà, ohun tí ojú rẹ̀ rí ní Old Bailey hàn kedere. Ẹnikẹ́ni tí ó bá gba Ọlọ́run kan gbọ́ lè sìn ní ọ̀nà tí ọkàn rẹ̀ bá fẹ́. Ìta gbangba ni kóòtù yóò ti jókòó. Júrì méjìlá ni yóò sọ bí ènìyàn bá jẹ̀bi. Nígbà tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ la ikú lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìpànìyàn àti ìdìtẹ̀ sí ìjọba nìkan ni ó la ikú lọ ní Pennsylvania.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1684, a mú obìnrin kan tí ń jẹ́ Margaret Mattson wá síwájú Penn, a ní àjẹ́ ni, pé ó fi oògùn ba màlúù àwọn aládùúgbò rẹ̀ jẹ́. Obìnrin náà kò gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, a sì wá ògbufọ̀ fún un. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní àwọn ibòmíràn, ọ̀pọ̀ obìnrin ni ó ti kú nítorí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀. Júrì gbìmọ̀, wọ́n sì wá sọ pé ó jẹ̀bi pé àwọn ènìyàn ń pè é ní àjẹ́, ṣùgbọ́n kò jẹ̀bi ohun tí a fi sùn ún. Ìdájọ́ yìí jọ èyí tí àwọn méjìlá ti London kọ́kọ́ dá. Obìnrin náà lọ sílé rẹ̀ ní àlàáfíà.

Ṣùgbọ́n bí a bá ń ka oore ènìyàn, kí a má fi àbùkù rẹ̀ pamọ́. Penn ní ẹrú. Àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà tí a kó gba orí omi kọjá ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní oko rẹ̀ ní Pennsbury. Ní ọdún 1688, mẹ́rin nínú àwọn ará Germantown, ní ilẹ̀ Penn yìí kan náà, kọ ìwé láti sọ pé kò tọ́ kí Kristẹni máa ra ènìyàn kí ó sì máa tà á. Àwọn àgbà Quaker gba ìwé náà, wọn kò sì ṣe nǹkan kan lórí rẹ̀. Ní ọdún 1700, nígbà tí Penn tún wà ní Amẹ́ríkà, a ṣe òfin pé bí a bá fi ẹ̀sùn kan ènìyàn dúdú, kóòtù ọ̀tọ̀ ni yóò gbọ́ ọ: adájọ́ méjì àti onílẹ̀ mẹ́fà, láìsí júrì méjìlá. Ọ̀nà tí Penn gbà là ní Old Bailey, a dí i mọ́ àwọn wọ̀nyí. Ọdún 1780 ni a tó pa òfin náà rẹ́.

Ìgbẹ̀yìn Penn kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Nígbà tí wọ́n lé Ọba James Kejì, ọ̀rẹ́ rẹ̀, kúrò lórí oyè ní ọdún 1688, a fi ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kan Penn, a sì gba ìṣàkóso ilẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọdún 1692 títí di ọdún 1694. Ọdún 1694 yìí ni ìyàwó rẹ̀ kú. Ní ọdún 1696 ó fẹ́ Hannah Callowhill. Philip Ford tí ó fi ṣe alábòójútó ohun ìní rẹ̀ rẹ́ ẹ jẹ, gbèsè sì sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ní ọdún 1708. Ní ọdún 1712 àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú, Hannah sì ń ṣàkóso ilẹ̀ náà fún un. Ó kú ní ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù keje ọdún 1718, wọ́n sì sin ín sí Jordans, ní agbègbè Buckinghamshire.

Ohun tí àwọn méjìlá náà ṣe kò bá a wọ ibojì. Ní ọdún 1735, ní New York, a mú John Peter Zenger, tí ó ń tẹ ìwé ìròyìn, wá sí kóòtù nítorí pé ó bu ẹnu àtẹ́ lu gómìnà. Òfin ìgbà náà kò bìkítà bóyá òtítọ́ ni ohun tí ó tẹ̀. Agbẹjọ́rò àgbàlagbà kan, Andrew Hamilton, wá láti Philadelphia láti gbèjà rẹ̀. Ó rán júrì létí ẹjọ́ Bushell, júrì sì dá Zenger láre. Ní ọdún 1851, ní Boston, a mú àwọn tí ó gba Shadrach Minkins, ẹrú tí ó sá, lọ́wọ́ àwọn tí ó fẹ́ dá a padà sóko ẹrú. Òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà ka ohun tí wọ́n ṣe sí ẹ̀ṣẹ̀, síbẹ̀ kò sí ìkankan nínú wọn tí júrì dá lẹ́bi.

Ṣùgbọ́n idà tí a fi ń gbèjà ọmọ aláìlẹ́ṣẹ̀ ni ìkà náà lè fi pa ènìyàn. Ní ọdún 1955, ní Mississippi, júrì méjìlá tí gbogbo wọn jẹ́ ọkùnrin funfun dá àwọn méjì tí ó pa Emmett Till, ọmọ dúdú ọlọ́dún mẹ́rìnlá, láre. Ìgbìmọ̀ wọn kò ju nǹkan bí wákàtí kan lọ, lẹ́yìn náà àwọn apànìyàn náà sì jẹ́wọ́ ní gbangba. Kò sí ẹni tí ó fi ebi pa àwọn júrì wọ̀nyí, kò sì sí ẹni tí ó halẹ̀ mọ́ wọn. Ẹ̀rí ọkàn ni wọn kò ní.

Lára ògiri Old Bailey lóde òní, òkúta ìrántí kan wà tí a kọ orúkọ Penn àti Mead sí, pẹ̀lú ti Veer àti Bushell, ní ọlá ìgboyà àwọn júrì náà. Ẹ̀kọ́ tí ìtàn yìí kọ́ wa ni pé òfin kò lè ṣe ibi fúnra rẹ̀. Àfi bí ọwọ́ ènìyàn bá bá a ṣe é. Ọba lè ṣòfin, adájọ́ lè halẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ará ìlú ni a ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn níbi tí júrì bá wà. Ẹni tí a bá fi sí irú ipò bẹ́ẹ̀, kí ó rántí pé agbára láti sọ pé rárá kò tó. Ohun tí ó yẹ kí a kọ̀ ni kí a kọ̀, kí a sì múra láti jẹ ìyà rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Bushell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe.